Kò Sẹ́ni Tó Kọjá Odò Kẹta

"Kí ni wọ́n sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí?"

Bí ìyá ṣe ń béèrè láràárọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́rin, kó tó bu omi bọ́jú, kó tó béèrè bóyá ilẹ̀ tiẹ̀ mọ́ ire. Kì í béèrè ohun tí wọ́n sọ nípa géèmù. Lójú tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kú ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ta ni wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò ní fẹ́ gbọ́?

Ayàwòrán gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ojú ìyá ti ń ṣú láti ọdún tó kọjá. Ó ṣì ń rí èèyàn, ó ń rí ohun tó bá tóbi, ṣùgbọ́n kò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, nítorí náà ọmọbìnrin rẹ̀ yìí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ń kà á fún un. Ohun tó wà lójú fóònù láàárọ̀ yẹn rèé: *Géèmù yìí burú ju ìyá ọkọ mi lọ, ìyá ọkọ mi kò sì dáa rárá.* Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: *Mo kú lẹ́ẹ̀mejìdínlógún lánàá. Kò sẹ́ni tó kọjá odò kẹta. Ẹni tó bá ní òun kọjá, irọ́ ló ń pa.* Lábẹ́ ìyẹn, ẹnì kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo síbẹ̀, láìsí yẹ̀yẹ́, láìsí èébú: *Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ràn èèyàn.*

Ayàwòrán fò ó kọjá.

"Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ rẹwà, mọ́mì. Wọ́n ní ó le díẹ̀."

"Ó le díẹ̀." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ó jọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rọbí rẹ̀. Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní àwọn ń padà síbẹ̀ lójoojúmọ́."

Èyí kì í kúkú ṣe irọ́. Ẹni tó kú lẹ́ẹ̀mejìdínlógún ti padà lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. Ayàwòrán fi fóònù sápò, ó wọ bàtà, ó jáde kí ìyá tó béèrè ẹ̀kẹta.

*Odò Méje* lorúkọ géèmù náà. Ẹni tó bá ń ta á ni yóò kó ẹgbẹ́ kékeré kan sọdá odò méje, káàdì kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn kan nínú ẹgbẹ́ náà: Atukọ̀, Apẹja, Agbẹ̀bí, Arúgbó, Sójà-Tó-Sá. Ní etí odò kọ̀ọ̀kan, àwọn ọlọ́ṣà ti lúgọ. Ẹni tó ń ta á á to àwọn èèyàn rẹ̀ sójú pátákó, á fi ọgbọ́n bá wọn jà, bó bá borí, á rí èèyàn tuntun mú kún ìdì káàdì rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá run, ó parí nìyẹn. Odò kìíní ló ń padà sí, ọ̀nà yóò sì ti yí padà, bí ẹni pé kò rìn ín rí.

Ẹ̀gbọ́n ló ronú rẹ̀, àbúrò ló ya àwòrán. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan, ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ta á lórí tábìlì, pẹ̀lú káàdì tí ẹ̀gbọ́n fi páálí bàtà gé. Ìlànà rẹ̀ nìyẹn: ohun tí kò bá dùn lórí páálí kò lè dùn lójú ẹ̀rọ. Òun a máa ta tàwọn ọlọ́ṣà, àbúrò a máa kó ẹgbẹ́ sọdá. Nígbà tí àìsàn mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé òfin géèmù tó fọwọ́ kọ ló ṣẹ́kù. Ìwé yẹn ni wọ́n fi parí iṣẹ́.

Yàrá mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wọn, lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ilẹ̀ a máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, omi inú ife a máa mì. Màdáámù, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ti dúró sídìí tábìlì Ayàwòrán nígbà tó wọlé. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ga, àmọ́ bó bá ti rọ ohùn sílẹ̀ báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ́.

"Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ta á, méje ló bú u," ló wí. "Àná, mẹ́fà ni. Kà á."

Ó na fóònù tirẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ lámèyítọ́ kan tí gbogbo àwọn tó ń ta géèmù máa ń dúró de ẹnu rẹ̀. Má-Fi-Ṣúgà-Sí-I ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò fi í sí i rí. Ó kọ ọ́ pé: *Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni màá gbé èrò mi jáde. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹni tó ṣe géèmù yìí dé odò keje rí?*

Ayàwòrán kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà náà kò yí padà.

"Agogo mẹ́rin ni mo fún yín," ni Màdáámù wí. "Bẹ́ ò bá rí ohun tó ń ṣe é kó tó dìgbà yẹn, màá gé agbára gbogbo ọlọ́ṣà sí ìdajì. Ẹ̀dà yẹn ti wà nílẹ̀, ká kàn fi ránṣẹ́ ló kù."

"Bẹ́ ẹ bá gé e sí ìdajì, ọmọ ọdún márùn-ún á sọdá. Kì í ṣe géèmù ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn mọ́."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ ọdún márùn-ún sọdá ju kí àgbà ọgọ́rùn-ún rì." Màdáámù gba fóònù rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Àbúrò mi, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá bú u lónìí, kò sẹ́ni tó máa tún ṣí i wò lọ́la. Orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ kì í ṣe tèmi."

Ó jáde. Omi inú ife ń mì.

Nínú yàrá kejì, Onígíláàsì tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Òun ló kọ kóòdù géèmù náà látòkè délẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọṣẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Àǹtí, mo búra, bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe kọ ọ́," ló wí kó tó kí i. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi tí bọ̀ọ̀dá ti ní kí agbára ọlọ́ṣà jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bí ìwé bá le, èmi kọ́ ni mo le."

"Mo dé odò keje," ni Ayàwòrán wí.

Onígíláàsì yíjú sí i.

"Mo dé ibẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Mo kàn máa ń dé ibẹ̀ ni."

"Lójú ẹ̀rọ?"

Ayàwòrán wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tó ti ń gbé pamọ́ láti ọjọ́ tí géèmù jáde nìyí. Lójú ẹ̀rọ, òun náà kò kọjá odò kẹta rí. Ó ti rò pé ọ̀fọ̀ ló gba ọgbọ́n lórí òun. Ó ti rò pé ohun tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n òun ló kú pẹ̀lú rẹ̀, kò sì ní ẹni tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún.

"Lórí páálí," ló wí.

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún mọ́ etí ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún gbé e sójú. "Páálí ọ̀hún dà?"

Inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, nínú páálí bàtà kan tí wọ́n gé kù. Ayàwòrán kò tíì ṣí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó ṣí i, òórùn gọ́ọ̀mù àti bébà àtijọ́ kọ lù ú, ó sì dúró díẹ̀ kó tó nawọ́ sí i. Pátákó wà níbẹ̀, àti káàdì tí wọ́n fi rọ́bà dì. Ìwé kékeré tí ẹ̀gbọ́n ń kọ àbájáde sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdérí páálí náà ń kọ́? Ẹ̀gbọ́n ti fi bírò kọ ÒKÚ sínú rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ibẹ̀ ni káàdì ẹni tó bá kú lójú ìjà ń lọ, kò sì gbọdọ̀ jáde títí eré yóò fi parí.

Wọ́n gbá tábìlì mọ́. Ayàwòrán kó ẹgbẹ́, Onígíláàsì jókòó síbi tí ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó sí, ó ṣí ìwé òfin síwájú, ó ń ta tàwọn ọlọ́ṣà. Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Apẹja fi kú, tí Sójà-Tó-Sá tẹ̀ lé e. Ní odò kẹta, Arúgbó ló kù níwájú pẹ̀lú Agbẹ̀bí, ọlọ́ṣà mẹ́ta sì dojú kọ wọ́n. Ayàwòrán fa káàdì, ó tún fa káàdì. Apẹja jáde. Ó fi í ti ọlọ́ṣà kan sódò.

"Mo ti sọdá," ló wí.

Onígíláàsì wo pátákó, ó wo ìwé. "Ẹ ò ṣòjóró?"

"Ojú mẹ́rin tó o fi ń wò mí yẹn náà ni màá fi ṣòjóró?"

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Wọ́n tún un tò. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, bí Ayàwòrán bá ṣe ń gbé e lórí páálí, Onígíláàsì ń tẹ irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ kọjá odò kìíní. Wọ́n jọ kọjá èkejì. Ní odò kẹta, ẹgbẹ́ inú ẹ̀rọ parun pátápátá, ti orí páálí sọdá. Agogo méjì ààbọ̀ ti kọjá. Màdáámù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó padà.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ta," ni Onígíláàsì wí. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ. "Ẹ má yára."

Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, kò wo pátákó mọ́, ọwọ́ Ayàwòrán ló ń wò. Ayàwòrán kò mọ̀. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ agogo mẹ́rin, lọ́dọ̀ ìyá, lọ́dọ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ọlọ́ṣà kan pa Agbẹ̀bí ní etí odò kejì. Ó mú káàdì náà kúrò lójú pátákó, ó na ọwọ́ sí káàdì tó kàn.

"Ẹ dúró!" Onígíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ẹ dúró, àǹtí. Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Agbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Níbo lẹ gbé e sí?"

"Inú ìdérí," ni Ayàwòrán wí, ó sì wo ibẹ̀.

Ìdérí náà ṣófo. Èèyàn mẹ́ta ló ti kú nínú eré yẹn nìkan, kò sì sí káàdì kankan lórí ÒKÚ tí ẹ̀gbọ́n kọ síbẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó gbé ìdì káàdì sókè, ó yí i dojú délẹ̀. Agbẹ̀bí wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé tó yà fún un, ojú rẹ̀ tutù. Lókè rẹ̀ ni Apẹja wà. Lókè Apẹja, Atukọ̀.

"Ẹ ń tì wọ́n sábẹ́," ni Onígíláàsì wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹni tó kú. Òfin ní kí wọ́n wọ inú ìdérí, ẹ̀rọ ń jù wọ́n sínú ìdérí. Ẹ̀yin ń tì wọ́n sábẹ́ ìdì, wọ́n sì ń padà wá. Ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń sọdá nìyẹn!"

Ayàwòrán fa Agbẹ̀bí yọ nísàlẹ̀ ìdì. Ó ń rántí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ gbé ìdérí yẹn kalẹ̀. Arúgbó lẹni tó kọ́kọ́ kú lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun sì ti fi ya irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rántí pé òun wo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìdérí, tí ọwọ́ òun kò gbà. Ohun tí ọwọ́ náà wá ṣe, kò rántí. Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ náà wá, fún ọdún mẹ́ta, láìmọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ìbá ti rí i," ló wí níkẹyìn. "Kò sí ohun tí kì í rí."

"Bóyá wọn ò rí i."

Ayàwòrán fa ìwé àbájáde yọ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni, lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: odò tí wọ́n dé, òkú mélòó, báwo ni ìdì. *Odò karùn-ún. Òkú: mẹ́ta. Ìdì: ó pé.* Ó ṣí ojú ewé kejì. *Odò keje. Òkú: márùn-ún. Ìdì: ó pé.* Òkú márùn-ún, ìdì sì pé. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Nígbà tó dé oṣù kẹrin ọdún àkọ́kọ́, ó rí ìlà kan tó yàtọ̀: *Ó ń sọdá jù. Agbára ọlọ́ṣà kúrò ní mẹ́rin, ó di mẹ́fà.*

Onígíláàsì kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà.

"Wọ́n rí i," ló wí. "Wọ́n rí i, wọ́n sì gbé agbára ọlọ́ṣà sókè kó lè bá ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe mu. Wọn ò kàn tíì kọ ọ́ sínú òfin ni."

"Kò bá mi wí rí," ni Ayàwòrán wí. Ó fi ọwọ́ bo ìlà náà, ó tún ṣí i. "Ọdún mẹ́ta, kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sunkún tó bá di alẹ́. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ti lù."

Ó padà sídìí kóòdù. Ohun tó kọ kí ẹ̀rọ lè máa ti òkú sábẹ́ ìdì kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìwọ̀n ìgbà tí Ayàwòrán fi di káàdì padà sínú rọ́bà, ó ti parí rẹ̀, ó ti ń dán an wò. Wọ́n kò tíì dé odò kejì nígbà tí Màdáámù wọlé.

"Ó tó," ló wí. "Fi ẹ̀dà ìdajì ránṣẹ́."

"Màdáámù, a ti rí i," ni Onígíláàsì wí.

Ó gbọ́ àlàyé náà lórí ìdúró, apá rẹ̀ ká mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n parí, ó yíjú sí Ayàwòrán. "Ṣé ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe láìmọ̀ ni kí n gbé ilé iṣẹ́ mi lé? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí agogo mẹ́rin lù. Mo mọ ohun tí ìdajì máa ṣe. Mi ò mọ ohun tí èyí máa ṣe."

"Ẹ ta á, mà."

"Kí n ta kí ni?"

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ta á fúnra yín. Bẹ́ ò bá rí ohun tí mò ń wí, ẹ fi ìdajì ránṣẹ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Màdáámù wo àga bí ẹni pé ó máa bù ú jẹ. Ó wá hàn pé òun náà ní àṣírí. "Mi ò kọjá odò kejì rí," ló wí. "Ẹni tó bá sọ ọ́ jáde nínú yín kò níṣẹ́ mọ́."

Ó jókòó. Ó ń ta á bí ẹni ń sáré sọdá títì. Atukọ̀ rẹ̀ kú ní odò kìíní, ó pòṣé. "Ẹ wò ó! Ẹni kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nínú wọn!" Ó sọ méjì nù ní odò kejì, ó sọdá pẹ̀lú ọgbẹ́. Ní odò kẹta, ọlọ́ṣà ká a mọ́, káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Agogo mẹ́rin lù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dákẹ́ nísàlẹ̀. Màdáámù na ìka, ó fa káàdì kan.

Atukọ̀ jáde.

Obìnrin náà fà sẹ́yìn nínú àga. Ó wo ọkùnrin tó wà lójú ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú àjẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, bí ẹni ń wo ẹni tó ti dágbére fún. "Ṣebí ó kú," ló wí. Ó gbé Atukọ̀ síwájú, ó fi í la àárín ọlọ́ṣà kọjá, ó sì sọdá.

Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Fi èyí ránṣẹ́," ló wí fún Onígíláàsì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. "Ìwọ, kọ̀wé sí Má-Fi-Ṣúgà-Sí-I. Má purọ́ fún un. Ó máa ń gbóòórùn irọ́."

Ìwé tí Ayàwòrán kọ kò gùn. *Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe géèmù yìí. Kò dé odò keje rí, nítorí pé òun ló máa ń ta tàwọn ọlọ́ṣà. Èmi ló ń ràn lọ́wọ́ láti dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí ní àṣìṣe kan nínú, tèmi sì ni. Mo máa ń dá àwọn tó kú padà sábẹ́ ìdì láìmọ̀. Ó rí mi, kò sọ fún mi, ó gbé agbára ọlọ́ṣà sókè kó lè bá a mu. Ó kú kó tó kọ ọ́ sínú òfin. A ti tún un ṣe báyìí. Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yìn ín. Mo kàn ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ta tirẹ̀.*

Agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni èsì dé. *Mo ti kọ tèmi tán. Mi ò ṣèlérí kankan.*

Agogo márùn-ún lù, ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Wọ́n dúró di agogo márùn-ún ààbọ̀. Onígíláàsì ń tún ojú ìwé lámèyítọ́ náà ṣí títí Màdáámù fi gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta géèmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe náà. Ọ̀kan ní: *Ta ló lọ da àánú sí i? Ẹ dá a padà bó ṣe wà, mo ti fẹ́ràn ìyà mi.* Òmíràn ní: *Mo ti kọjá odò kẹta, ẹ wá wo bí mo ṣe ń jó nínú yàrá.* Ayàwòrán gbé páálí bàtà náà há abẹ́ apá, ó rìn lọ sílé. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó débẹ̀.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.

"Kí ni wọ́n sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ayàwòrán ṣí ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ dáadáa kan. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Àbíkẹ́yìn mi, ka èyí tó burú. Kò sí ọmọ èèyàn tí gbogbo ayé ń yìn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ pé ò ń fi oyin sí i. Mo ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, bóyá ìwọ náà lo nílò rẹ̀."

Ó kà á nígbà náà. Ó ka ti ìyá ọkọ, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ka ti ikú ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún. Ó ka gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn pẹ̀lú: *Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ràn èèyàn.*

Ìyá tún ìró rẹ̀ wé.

"Ìgbà wo ló kọ ọ́?"

"Ìjẹta."

"Kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Fóònù dún lọ́wọ́ Ayàwòrán. Onígíláàsì ni. *Ó ti jáde o,* ló kọ, kò sì kọ ohun mìíràn. Ó ṣí i, ó ń kà á sókè bó ṣe ń rí i, láìmọ ibi tí ìlà tó kàn máa já sí.

"*Mo ti kọ nǹkan mìíràn nípa géèmù yìí tẹ́lẹ̀, mo sì ti fà á ya. Kẹ́ ẹ má rò pé mo ti di olóore: odò kẹrin gùn jù, orin rẹ̀ a máa sú èèyàn, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré ju ohun tí ojú àgbà lè kà. Ṣùgbọ́n ní odò karùn-ún, Agbẹ̀bí kan tí mo ti pàdánù ní odò kejì padà sí mi lọ́wọ́. Mo gbé káàdì náà dání, mi ò lò ó. Mo pàdánù eré náà nítorí pé mi ò lò ó. Ẹni tó ṣe èyí ti ronú jinlẹ̀ nípa irú ẹni tó máa ta á.*"

Ìyá ti ń nu ojú pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Lẹ́tà kéré, òótọ́ ló sọ," ló wí. "Kí ló wà lábẹ́ apá rẹ yẹn?"

"Páálí tá a fi ń ta á."

"Gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀. Ìyẹn tóbi, màá rí i."

Wọ́n to pátákó sórí àpótí láàárín wọn. Ayàwòrán sọ òfin fún un, ìyá ní òun yóò ta tàwọn ọlọ́ṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ òun ọkùnrin máa ń jókòó. Ó ta á láìláàánú. Odò kìíní ló ti pa Arúgbó, ó sì fọwọ́ ta káàdì náà dànù lójú pátákó, ó ṣubú sẹ́bàá ìdérí.

Ayàwòrán mú un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, láàárín ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n kọ àti ìdì káàdì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó mọ ohun tí ọwọ́ náà fẹ́ ṣe, ìyẹn sì mú kó wúwo. Ó wo ojú ìyá.

Ìyá ti yíjú sí títì, ó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ayàwòrán gbé ìdì náà sókè díẹ̀, ó ti Arúgbó sábẹ́ rẹ̀.

"Ó kan yín, mọ́mì," ló wí.